Bẹ́ẹ̀ Kọ́ Tí Màmá Lamjiak Sọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Màmá Lamjiak jẹ́, ẹ bi àwọn ìyá arúgbó ìlú Wiset ìdí tí wọ́n fi máa ń mú sílípáàsì méjì wá síbi líkáì wa, eré ìtàgé tí à ń fi orin àti ìjó ṣe. Ọ̀kan ni wọ́n máa wọ̀ padà sílé, ìkejì ni wọ́n máa jù lu Màmá. Odindi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi ṣe ìkà lórí ìtàgé: ìyàálé tó bu májèlé sọ́bẹ̀, ayaba tó lé aboyún wọ igbó, ìyá ọkọ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń ta ju ata lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe débi pé bí a bá ṣeré lónìí, obìnrin tó ń ta ẹja lọ́jà kò ní kí wọn lọ́la. Á di ẹja fún wọn, á sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí òórùn kan ń yọ lẹ́nu.

Nílé ńkọ́? Màmá ò lè lé ológbò kúrò lórí ẹní. Bí ológbò bá sùn sórí aṣọ eré wọn, wọ́n á jókòó tì í títí yóò fi jí, ìlù á sì ti máa pè wá. Èmi ni mo máa ń ṣe ìránṣẹ́bìnrin tí wọ́n ń gbá létí nínú eré. Kop lorúkọ mi, àkèré nìyẹn, nítorí bí ẹnu mi ṣe fẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi. Ìgbájú Màmá ò dun ènìyàn rárá, bí ìgbà tí òwú bá gbáni ni. Èmi ni mo máa ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ kí èrò lè bú wọn dáadáa.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Màmá bí, Phikun. Phikun lọ ṣiṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní Bangkok, ibẹ̀ ló ti pàdé Colin, Òyìnbó kan tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní ìlú wọn, ló bá tẹ̀ lé e lọ sí etí òkun kan tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Wọ́n bí Elsie síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Colin wá kí wa. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń jẹ ata gígún wa pẹ̀lú ìrẹsì, omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ò kọjá láàárín àwọn méjèèjì tí kò gba ẹnu Phikun. Colin á sọ gbólóhùn kan, Phikun á yí i padà. Màmá á fèsì, Phikun á yí i padà, á sì fi àwàdà tirẹ̀ kún un, tí ẹni méjèèjì ò fi ní mọ èyí tí í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Phikun. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kú. Kókó ni wọ́n rí nínú ọpọlọ rẹ̀. Kí ìwé ìrìnnà Màmá tó jáde, wọ́n ti sun òkú.

Lọ́dọ̀ wa, iná kì í parí ọ̀rọ̀ òkú. Egungun ni à ń ṣà lẹ́yìn iná, a ó fọ̀ ọ́, a ó kó o sínú ògiri tẹ́ńpìlì, ibẹ̀ ni ẹni náà ń gbé. Ní Songkran, tí ọdún bá yí, a ó gbé e jáde, a ó da omi olóòórùn dídùn sí i lórí, a ó sọ ìròyìn ilé fún un. Bàbá Phikun wà nínú ògiri tẹ́ńpìlì tó wà létí odò Noi láti ọdún mẹ́sàn-án, àyè kan sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Báyìí, Màmá fẹ́ kí Phikun wọ̀ ọ́. Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́ láyé nìyẹn. Colin sì ni eérú náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ilé rẹ̀, Colin tí kò gbọ́ èdè wa, tí àwa náà ò gbọ́ tirẹ̀.

Tíṣà Prayun, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé girama, ní àwọn lè bá Màmá sọ ọ́ lórí fóònù. Màmá kọ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣeré, ẹnikẹ́ni ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sọ lórí ìtàgé rí, àìsàn tàbí òjò, kì í ṣe orí egungun ọmọ wọn ni àwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí Tíṣà ṣáà kọ́ àwọn ní èdè náà.

Báyìí ni obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ṣe jókòó láàárín àwọn ọmọge tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, lábẹ́ àtíbàbà tẹ́ńpìlì, ní àárọ̀ Túsídeè àti Tọ́sídeè, pẹ̀lú ìwé òǹkà àti pẹ́ńsù tí wọ́n fi kọ́ etí. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Mo ní mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ lọ rẹ́rìn-ín ni. Mo sọ fún Màmá pé Òyìnbó máa ń di imú mú kó tó kí àgbà. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń di imú kí Tíṣà.

Ẹ̀kọ́ Tíṣà ò le. Wọ́n ní àwọn ò kọ́ wa ká lè yege ìdánwò, bí kò ṣe ká lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kó yé e. Kí a má bẹ̀rù gírámà, kí a ṣí ẹnu. Ẹ̀kọ́ kìíní gan-an ni yẹ́ẹ̀sì àti nó. Yẹ́ẹ̀sì ni bẹ́ẹ̀ ni, nó ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n fa ilà sí i nídìí, wọ́n ní ẹni tó bá mọ méjèèjì yìí, ebi ò ní pa á lóko Òyìnbó.

Ìwé kíkà ò wọ Màmá lára. Eléré líkáì kì í ka ìwé eré. Ọ̀gá á sọ ìtàn fún wa nígbà tí a bá ń kun ojú, a ó sì máa hun orin rẹ̀ lójú agbo. Nítorí náà, Màmá kó èdè Gẹ̀ẹ́sì sínú orin líkáì. Bí wọ́n bá ń lẹ irun ìpénpéjú mọ́ ojú, ẹ ó gbọ́ wọn: "Háù áà yúúúú," ohùn á ròkè, á wálẹ̀, á fì bí ìrù ẹṣin. Onílù wa ò lè mú un mọ́ra, yóò gbá ìlù méjì sí i. Aláwàdà ẹgbẹ́ wa ní ọjọ́ tí Màmá bá dé ọ̀dọ̀ ọba wọn, àyà ni ọba máa fi gbálẹ̀.

Colin máa ń pè ní gbogbo Sọ́ńdè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wa, kí Elsie lè gbọ́ ohùn ìyá-ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Elsie, ọ̀rọ̀ èdè wa tó gbọ́ ò kọjá mẹ́ta, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ èébú tí ìyá rẹ̀ fi ń bú ìkòkò. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí Màmá dá sọ̀rọ̀, wọ́n bi í bóyá ó ti jẹ ìrẹsì, bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà ní òun ò jẹ ìrẹsì, búrẹ́dì lòun jẹ. Màmá bo fóònù, wọ́n ní, "Àkèré, ebi ni wọ́n fi ń pa ọmọ mi." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń wúkọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eérú, Màmá ò tíì dá a sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í di ẹrù ru ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó di ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ bá pé kí á tó tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ń ka ọjọ́ lójú kàlẹ́ńdà tẹ́ńpìlì. Nígbà yẹn, wọ́n ti hun orin kan, gbólóhùn mẹ́rin péré, ní Gẹ̀ẹ́sì látòkèdélẹ̀. Tíṣà fọwọ́ sí i. Orin náà ní: Colin, ọmọ mi. Òtútù ti mú Phikun pẹ́. Mo fẹ́ eérú rẹ̀. Jẹ́ kó wálé. Wọ́n ń kọ ọ́ nídìí ìkòkò, wọ́n ń kọ ọ́ nínú ọkọ̀ ẹrù tó ń gbé wa lọ sóde eré. Èmi gan-an ń fi sùn.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọgọ́rùn-ún ọjọ́, Màmá wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó ti fóònù bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Fóònù oní-bọ́tìnnì ni, ó ní ibi tí à ń tẹ̀ kí ohùn jáde síta. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ó dún. Màmá béèrè bóyá Colin ti jẹun, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè òtútù. Mo ń fi ẹsẹ̀ ta wọ́n lábẹ́ tábìlì pé kí wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Màmá mí kanlẹ̀. Kí ẹnu wọn tó là, Colin ti ṣíwájú wọn.

Ó rọra sọ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ẹni ń kó ẹyin. Gẹ̀ẹ́sì girama mi gbé gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ó yẹ kí n bi yín nípa eérú Phikun. Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rí. Ẹ ò fẹ́ kí n fi ránṣẹ́ sí yín, àbí?"

Màmá yí ojú sí mi. Ojú wọn ti ranko.

"Ìwọ gbọ́ nǹkan tí ọmọkùnrin yìí ń bi mí?"

Mo ní mo gbọ́. Màmá gbá fóònù mú, wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń pe ọmọ ogun nínú eré dá a lóhùn: "Nó. Nó, Colin. Nó, nó."

Colin ní, "Ó dáa, Màmá. Ó ti yé mi. Ẹ ṣé." Ohùn rẹ̀ ti ya. Màmá ní tháńkì yú, tháńkì yú, títí fóònù fi kú.

Inú wa dùn! Mo fò sókè débi pé ológbò sá jáde. Màmá ń sunkún, wọ́n sì ń bínú pọ̀ mọ́ ọn. "Pé mi ò fẹ́ ẹ, kẹ̀. Àbí Colin ló bí i?" Mo ní wọn ò tíì kọ orin wọn. Wọ́n ní ohun tí ènìyàn ti nawọ́ rẹ̀ síni, ta ló tún ń kọrin tọrọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú bíríkìlà lọ sí tẹ́ńpìlì, ó ṣí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá Phikun. Màmá fi ọwọ́ ara wọn gbá ilé aláǹtakùn inú rẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí i, wọ́n lọ ṣe fọ́tò Phikun sára táìlì kékeré kan, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ó ku ẹni tó máa wọlé. Láti ìgbà náà, bí alùpùpù oníwèé tó ń pín lẹ́tà bá ti fun fèrè lópòópónà, Màmá á sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn. Aláwàdà wa ní kí a tètè máa ra aṣọ ìgbéyàwó, pé Màmá ti fẹ́ fẹ́ oníwèé.

Ohun tó dé, àpòòwé pẹlẹbẹ ni.

Màmá gbọn ọ́n létí. Wọ́n ní bóyá ìwé ọlọ́pàá ibodè ni, pé a gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kó ẹrù fún wa. Mo ya á. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀, àti fọ́tò kan. Nínú fọ́tò, Colin wà nínú ọkọ̀ ojú omi, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ omi náà bí irin àtijọ́. Elsie jókòó síwájú, wọ́n fi ẹ̀wù òtútù tó wú bí ìrọ̀rí wọ̀ ọ́, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí omi, òdòdó ofeefee sì ń bọ́ nínú ọwọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà. Nígbà tí mo ka gbólóhùn kan tán, mo sọ fún Màmá pé eruku kó sí mi lójú, kí a gbé e lọ fún Tíṣà.

Tíṣà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó èso àjàgbọn. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ka lẹ́tà náà sínú, wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kà á síta ní èdè wa. Colin kọ ọ́ pé, Màmá ọ̀wọ́n, níwọ̀n bí ẹ ti sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹ, a gbé Phikun lọ sójú òkun lọ́jọ́ Sátidé. Elsie ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á. Omi pa rọ́rọ́. Mo rò pé ẹ máa fẹ́ rí fọ́tò rẹ̀.

Màmá ní kí Tíṣà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kà á kọjá ibì kan. Tíṣà ò padà. Wọ́n bi mí ní ohun tí Colin béèrè lórí fóònù gan-an. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Wọ́n bi mí ní èsì tí Màmá fọ̀. Mo sọ ọ́. Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú wọn.

"Lamjiak, lẹ́nu àwọn Òyìnbó, bí wọ́n bá ní, ẹ ò fẹ́ ẹ, tí ẹ bá ní nó, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ẹ ò fẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo sọ."

"Mo mọ̀."

"Ó ní mi ò fẹ́ ẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Mo mọ̀. Yẹ́ẹ̀sì ló yẹ kí ẹ sọ."

"Yẹ́ẹ̀sì? Pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò fẹ́ ọmọ mi?"

Tíṣà ní ọdún mẹ́rìnlélógún ni àwọn fi kọ́ ọmọ ìlú yìí ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí rí, àwọn ò rántí pé ó wà. Wọ́n ń sọ ọ́ fún èso àjàgbọn tó wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ tu Màmá nínú, wọ́n ní omi òkun ò ní ààlà, pé ti ọ̀hún àti tiwa ń pàdé níbì kan.

Màmá ní, "Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìtàgé tàn mí jẹ, Tíṣà. Èmi ni mo ń tà á."

Tíṣà ní àwọn máa kọ̀wé sí Colin nísinsìnyí, ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, kó lè mọ̀ pé àṣìṣe ni. Wọ́n ti ń nawọ́ sí bírò.

"Kí ẹ sọ kí ni fún un? Òkun á pọ̀ ọ́ padà?"

"Kó ṣáà mọ̀ pé ẹ fẹ́ ọmọ yín."

"Elsie ló dà á," Màmá wí. "Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣé kí n kọ̀wé sí ọmọ ọdún mẹ́fà pé ó da ìyá rẹ̀ nù?"

Tíṣà gbé bírò sílẹ̀. Màmá gba fọ́tò, wọ́n gba lẹ́tà, wọ́n dìde. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì tó bá la ẹnu rẹ̀ nípa rẹ̀, kó má pe àwọn ní ènìyàn òun mọ́.

A gba etí odò padà. Mo ti gbọ́ ìbéèrè Colin, mo ti gbọ́ èsì Màmá, mo sì ti fò sókè. Mo ní, "Màmá, èmi náà gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n mọ̀." Wọn ò sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi, wọn ò sì sọ pé ẹ̀bi mi ni. Wọ́n ń rìn ni. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí, ní tòótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ní eré. Màmá lé aboyún wọ igbó. Àwọn ìyá arúgbó bú wọn dé ibi tó yẹ, wọ́n ju bàtà, ọ̀kan bà wọ́n léjìká. Màmá ò ṣi ohùn kan lò.

Colin pè ní Sọ́ńdè. Mo tẹ ohùn rẹ̀ síta, nítorí Màmá ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè bóyá fọ́tò ti dé. Màmá ní ó dé, ó rẹwà. Ọkùnrin náà ò tíì ṣe tán. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ní àwọn aládùúgbò òun ní kí òun tún wádìí lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó gbé ọkọ̀ jáde, òun ò sì ṣe é. Ó wá bi wọ́n: "Inú yín ò bàjẹ́, àbí, Màmá?"

Mo di etí tábìlì mú. Màmá ti mọ̀ báyìí ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ létí Colin, wọ́n sì mọ ohun tó jẹ́ lẹ́nu tiwọn. Ojú wọn wà lára ògiri.

"Nó," Màmá wí. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. "Nó, Colin."

Ọkùnrin náà mí jáde, ó ní Ọlọ́run ṣeun. Màmá ní kó pe Elsie wá.

Wọn ò lọ sí kíláàsì Tíṣà mọ́. Tíṣà náà ò sì béèrè wọn, àfi pé lọ́jọ́ kan tí mo gba ibẹ̀ kọjá, mo rí i pé wọ́n ti pa ohun tó wà lókè pátákó rẹ́, yẹ́ẹ̀sì àti nó, wọn ò sì tíì kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀.

Songkran dé. Àwọn èrò gbé egungun ẹbí wọn jáde, a tò wọ́n sórí tábìlì gígùn kan. Màmá gbé bàbá Phikun síbẹ̀. Àlùfáà béèrè ti ọmọ. Ẹni tí kò bá ní egungun, orúkọ ni à ń kọ sórí bébà, nítorí náà Màmá ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba. Àwọn àlùfáà ka àdúrà wọn, wọ́n sun bébà náà nínú abọ́, wọ́n ní kí Màmá da omi lé e. Ó yẹ kí a da eérú rẹ̀ sídìí igi. Màmá ò jẹ́ kí a dà á. Wọ́n fi ìka kó o kúrò nínú omi, ìdọ̀tí dúdú tí kò kún ìdérí ìgò, wọ́n fi aṣọ funfun inú ògiri dì í, wọ́n tì í wọ àyè tó ṣófo nínú ògiri, wọ́n sì ní kí n lọ pe bíríkìlà wá kó dí i.